Bọ́ọ̀lù tí Amorós hán

Mo lọ gẹrun lánàá, ní Brooklyn níbí. Bàbá arúgbó tó wà lórí àga kejì ló bá gbé ìtàn October 4, 1955 kalẹ̀. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni Yankees ti na Dodgers wọn, ẹgbẹ́ Brooklyn nígbà náà, ní àṣekágbá baseball, bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fi igi gbá, ó ti sú gbogbo àdúgbò. Èmi tí mi ò mọ̀ ju bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ lọ, mo ní "Ẹ máa wí, sà."

Dodgers ti fi 2-0 léwájú, ó ku díẹ̀ káàtó. Yankees méjì wà lójú ọ̀nà, wọ́n fẹ́ sáré wálé gba àmì, Yogi Berra wá gbá bọ́ọ̀lù lọ sí kọ̀rọ̀ apá òsì. Sandy Amorós, ọmọ ilẹ̀ Kúbà (àwọn Lùkùmí, ìran Yorùbá wa, pọ̀ níbẹ̀ o!), ló sáré tẹ̀ lé e. Ọwọ́ òsì ló fi ń jùkò, nítorí náà ọwọ́ ọ̀tún ni ìbọ̀wọ́ wà. Ó nà án, ó hán an!

Bàbá fò dìde tòun ti aṣọ lọ́rùn, ó na ọwọ́ ọ̀tún sókè. Podres tó ń ju bọ́ọ̀lù fún Dodgers, ọmọ ọdún 23, kò jẹ́ kí Yankees rí àmì ẹyọ kan gbà títí ó fi parí.

Kílípà ti la ọ̀nà kan sẹ́yìn etí bàbá. Kò tiẹ̀ mọ̀.