Kí ẹ tó ta tẹlifíṣọ̀n yín fún oníkọ̀ńdẹ́mù

Tí ọyẹ́ bá ti dé Ìlọrin, ẹjọ́ kan náà ni àwọn èèyàn máa ń gbé wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Ọjà-Ọba. Tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ ni, iná pupa rẹ̀ ń tàn, àmọ́ kò gbé àwòrán jáde. Kí oní-nǹkan tó jókòó ló ti dá ẹjọ́ ọ̀hún: "Ó ti kú. Wọ́n ní sikirínì ni." Ta ló ní sikirínì ni? Ẹni tí kò tíì tú ẹ̀yìn rẹ̀ wò ni. Ó máa ń dùn mí wọra, torí nínú àwọn tí oníkọ̀ńdẹ́mù ń fi ọmọlanke kó kiri àdúgbò, àìsàn ọ̀pọ̀ wọn kò ju kapásítọ̀ kan ṣoṣo lọ, ìyẹn ohun kékeré bí agolo tó ń gba iná pamọ́ lórí bọ́ọ̀dù.

Ẹ kọ́kọ́ wo iná pupa kékeré tó wà nísàlẹ̀ yẹn. Bí kò bá tàn rárá, ẹ má tíì rò ó jìnnà. Ẹ yọ ọ́ lára ẹ̀tẹ́ńṣọ̀n, kí ẹ kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri ní tààrà. Ẹ̀tẹ́ńṣọ̀n ọjà wa yìí, irin inú rẹ̀ kì í pẹ́ dẹ̀. Bí iná pupa bá ń tàn, a jẹ́ pé iná kékeré tó máa ń ṣọ́ tẹlifíṣọ̀n nígbà tó bá ń sùn ti ń dé mainboard, bọ́ọ̀dù tó ń darí gbogbo iṣẹ́ rẹ̀. 5 fóótì (volt, bí agbára iná ṣe tó) ni ó sábà máa ń jẹ́. Ó lè má pé o, màá padà sórí ìyẹn. Bó bá ń ṣẹ́jú ńkọ́? Ẹ ka iye ìgbà tó ṣẹ́jú kó tó sinmi, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní ohun tó fi iye yẹn sọ, ẹni tó máa tún un ṣe á nílò rẹ̀.

Ẹ wá fi rìmóòtù sílẹ̀, ẹ tẹ bọ́tìnnì ara tẹlifíṣọ̀n fúnra rẹ̀. Abẹ́ tàbí ẹ̀yìn ló máa ń wà. Bó bá tàn, rìmóòtù ni kí ẹ bá wí. Ẹ ṣí kámẹ́rà fóònù yín, èyí tí ẹ fi ń ya ara yín, ẹ kọjú imú rìmóòtù sí i, kí ẹ tẹ̀ ẹ́. Bí ẹ kò bá rí iná kankan tó tàn nínú fóònù, bátìrì tàbí rìmóòtù ọ̀hún ló ní àrùn. Bí bọ́tìnnì kò bá sì jí i, ẹ yọ ọ́ nínú iná, ẹ tẹ bọ́tìnnì náà mọ́lẹ̀ fún bí 30 ìṣẹ́jú àáyá, ẹ fi sílẹ̀ díẹ̀ kí ẹ tó dá a padà. Ìyókù iná tó há sínú bọ́ọ̀dù á jáde, mainboard á sì bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Mo ti rí èyí tó jí báyìí lẹ́yìn tí iná lọ, tó dé, tó tún lọ.

Àwọn èèyàn a máa sọ pé iná tó rẹlẹ̀ ló ba tiwọn jẹ́. Ẹ wo ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n yín dáadáa, ọ̀pọ̀ ni wọ́n kọ 100 sí 240 fóótì sí lára. Iná tó rẹlẹ̀ kì í sábà pa irú wọn. Iná tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tó já wọlé wàá, òun ni kí ẹ máa bẹ̀rù. Tí iná bá ti lọ, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì. Tó bá dé, ẹ jẹ́ kó fara balẹ̀ ná.

Alhájà kan láti Pàkátà gbé ọ̀kan wá nígbà ọyẹ́, 32 ínǹṣì. Wọ́n ní níbẹ̀rẹ̀, díẹ̀ ló máa ń falẹ̀ kó tó tàn. Nígbà tó yá, ó di pé kí wọ́n ti kì í bọná gbàrà tí wọ́n bá kírun àsùbáà tán, kó lè bá wáàsí àárọ̀. Mo ní, "Ìyá, ṣé ẹ máa ń gbọ́ ohùn kankan kó tó tàn?" Wọ́n ní, "Ọmọ mi, kẹ́ kẹ́ kẹ́ ló máa ń dún, bí ẹni ń pa èkùrọ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn ti tó mi. Mo tú ẹ̀yìn rẹ̀. Eruku ọyẹ́ ti bo gbogbo inú, ẹyin ọmọńlé méjì sì lẹ̀ mọ́ igun kan. Lórí bọ́ọ̀dù tó ń gba iná, kapásítọ̀ mẹ́ta ló tò síbi tí iná ti ń jáde lọ sí mainboard. Orí méjì tẹ́ pẹrẹsẹ. Orí ẹ̀kẹta wú, nǹkan aláwọ̀ ilẹ̀ kan sì ti gbẹ sórí rẹ̀. Wọ́n kọ 1000 µF (ìwọ̀n iná tó lè gbà pamọ́), 10 fóótì sí i lára. Mo fi mítà wọn iná ibẹ̀. Dípò 5, 3 àti díẹ̀ ni, ó sì ń gbọ̀n.

Omi kan wà nínú kapásítọ̀ yìí tó máa ń gbẹ díẹ̀díẹ̀. Bó bá ti ń gbẹ, kò lè mú iná dúró sójú kan mọ́, òtútù sì máa ń mú kó burú sí i. Ìdí nìyẹn tí ó fi ń yọ wọ́n lẹ́nu láàárọ̀ ọyẹ́. Tó bá ti wà nínú iná pẹ́, tí ara rẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́, á tàn. Mo ra òmíràn ní àdúgbò Táíwò, 1000 µF kan náà, 16 fóótì, èyí tí wọ́n kọ 105°C sí lára, ìyẹn ooru tó lè fara dà. Nọ́ńbà µF kò gbọdọ̀ yí padà, fóótì lè lọ sókè ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ wálẹ̀, ẹsẹ̀ tó ní ìlà sì gbọdọ̀ bọ́ sí ojú ibi tiẹ̀. Owó rẹ̀ kò pé ₦500. Ẹni tó kọ́kọ́ rí tẹlifíṣọ̀n yẹn ti ní kí wọ́n lọ ra mainboard.

Èyí tó ń sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí ojú rẹ̀ dúdú, ẹ pa iná yàrá, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ojú rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́. Bí ẹ bá ń rí àwòrán fẹ́ẹ́rẹ́ lábẹ́ ibẹ̀, sikirínì yín wà láàyè, iná ẹ̀yìn rẹ̀ ló kú. Gílóòbù wẹ́wẹ́ ni wọ́n, wọ́n so wọ́n tẹ̀léra, ọ̀kan á kú, gbogbo ìlà á sì ṣókùnkùn. Ó ṣeé pààrọ̀. Sikirínì tó lọ lóòótọ́, ẹ ó rí ibi tó ti sán, tàbí ìlà aláwọ̀ tó gùn látòkè délẹ̀.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má tú ẹ̀yìn rẹ̀ bí ẹ kò bá mọ iṣẹ́ yìí. Kapásítọ̀ ńlá tí wọ́n kọ 400 tàbí 450 fóótì sí, iná tó lé ní 300 lè wà nínú rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti yọ púlọ́ọ̀gì. Ọmọ iṣẹ́ mi kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan bọ́ọ̀dù kankan kí mítà tó fi hàn pé ó ti ṣófo. Fíúsì tó dúdú nínú ń sọ pé nǹkan míì ló jóná níwájú rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi wáyà so ó kọjá. Ilé lè jó.

Ọ̀dọ̀ ẹni yòówù kí ẹ gbé e lọ, ẹ dúró tì í nígbà tó bá ń tú u. Ẹ gba ohun tó bàjẹ́ tó bá yọ nínú rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá ní mainboard ni, ẹ ní kó fi mítà wọn 5 fóótì yẹn lójú yín ná.