Torí yáàdì márùn-ún
Lánàá lọ́jà Ìtòkú l'Ábẹ́òkúta, àdìrẹ tí mo ti ná tán, ìyá tó ń tà á tún gbé e fún ẹlòmíì, mo wá pariwo mọ́ ọn bí ẹni tí ò gbọ́ orúkọ Jésù rí, èmi tí mo ti ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì láti kékeré o! Nínú Márúwá tó ń gbé mi lọlé, Kọ́ríńtì Kejì 4 ló ń jà lọ́kàn mi. Pọ́ọ̀lù yìí, wọ́n nà án, wọ́n sọ ọ́ lókùúta, ẹ̀ẹ̀mẹta lọkọ̀ rì mọ́ ọn, síbẹ̀ ó ní ìyà fúyẹ́ ni, torí ohun tá ò fojú rí ló ń wò. Èmi wá rèé, àdìrẹ lásán (ẹ má rẹ́rìn-ín). Mo padà lọ bẹ ìyá náà láàárọ̀ yìí. Wọn ò tiẹ̀ rántí mi mọ́.