Ẹni Tí Kì Í San Ni Mò Ń Sanwó Fún

Ọdún mẹ́rin ni mo fi ṣe kọ̀ndọ́kítọ̀ láti Muṣin sí Ọ̀ṣòdì kí n tó kúrò nílé. Bí ọ̀rọ̀ bá ti di ti owó tí àwọn kan ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣiṣẹ́, mi ò nílò olùkọ́. Owó àárọ̀ wà, ti ọ̀sán wà, ti alẹ́ náà wà. O kó èrò, o máa san. O já èrò sílẹ̀, o máa san. Ọdún dé, wọ́n á ní ọdún ò ní tán lórí wa. Tí mo bá ní mi ò ní, agbèrò á so mọ́ ẹnu ọ̀nà dánfó, á yọ wáìpà, tàbí kó gbé tìmùtìmù ìjókòó iwájú sá lọ. Gbangba ni gbogbo rẹ̀, lójú ọlọ́pàá. Ẹni tó ń gbà á mọ orúkọ mi, èmi náà mọ ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀.

Palermo ni mo wà báyìí, ní Sísílì, erékùṣù tó wà nísàlẹ̀ Ítálì. Ilé búrẹ́dì ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, mo rìn káàkiri ọjà Ballarò, mo ní Muṣin rèé: ẹja lórí yìnyín, àwọn tó ń fi orin polówó ọjà, ọ̀kadà tó ń gba àárín èrò kọjá. Ohun kan ṣoṣo ni mi ò rí, ẹni tó mú tíkẹ́ẹ̀tì dání. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Oṣù mélòó kan ni mo fi wà nínú àìmọ̀kan yẹn.

Nígbà tí Kérésì ń bọ̀, ọkùnrin kan wọlé. Aṣọ rẹ̀ mọ́, kò pariwo. Ó ra búrẹ́dì méjì, ó sanwó rẹ̀ pé, ó bèèrè àlàáfíà ìyàwó ọ̀gá mi. Ẹ̀yìn ìyẹn ló wá ní àwọn ọmọ tó wà lẹ́wọ̀n ò tíì rí nǹkan fi ṣọdún. Ó sì bá tirẹ̀ lọ. Lẹ́yìn bí ọjọ́ mẹ́jọ, a dé lóru láti wá tan àdìrò, kọ́kọ́rọ́ kò wọ inú àgádágodo. Wọ́n ti rọ gúlù sí i. Mo tan iná fóònù mi sí i, mo fi èékánná ha á: ó ti le koránkorán, ó ń dán. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣépè fún àwọn ọmọ àdúgbò. Ọ̀gá mi ò bínú. Ó kàn dúró, ó ń wo ihò kọ́kọ́rọ́ yẹn bí ẹni tó ń ka lẹ́tà. Ìgbà yẹn ló tó yé mi pé kì í ṣe ọwọ́ ọmọdé.

Pizzo ni wọ́n ń pe owó tí mafia, ẹgbẹ́ ọ̀daràn ibí, ń gbà lọ́wọ́ àwọn oníṣọ́ọ̀bù. Àgógó ẹyẹ ni wọ́n ní ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí ní èdè Sísílì: ẹyẹ kàn fẹ́ ti ẹnu bọ omi rẹ ni, ìwọ̀nba díẹ̀. Ní Muṣin, "ẹ jẹ́ káwa náà fẹnu kàn án" ni wọ́n máa ń sọ fún wa.

Mi ò sọ pé agbèrò àti mafia dọ́gba o. Ẹnikẹ́ni ò tíì fi bọ́ǹbù gbé títì márosẹ̀ sókè ní Ọ̀ṣòdì nítorí adájọ́ kan. Níbí, ní Capaci lẹ́bàá Palermo, ní 23 May 1992, báyẹn ni wọ́n ṣe pa Giovanni Falcone, ìyàwó rẹ̀ àti ọlọ́pàá mẹ́ta. Kò pé oṣù méjì tí wọ́n fi pa Paolo Borsellino àti ọlọ́pàá márùn-ún. Àwọn méjèèjì yìí wà lára àwọn adájọ́ tó kó ẹjọ́ ńlá tí wọ́n gbọ́ láti 1986 sí 1987 jọ, tí àwọn olùjẹ́jọ́ ibẹ̀ ju 400 lọ. Òfin tí wọ́n fi mú wọn, ẹ̀jẹ̀ ló bí i: ní 1982 tí wọ́n pa Pio La Torre tó ń jà fún un nílé aṣòfin, tí wọ́n sì pa Ọ̀gágun Dalla Chiesa, tí ìjọba rán wá bá mafia jà, ní September, kò ju ọjọ́ mẹ́wàá lọ tí ìjọba fi buwọ́ lù ú. Láti ìgbà náà, wíwà nínú ẹgbẹ́ yẹn fúnra rẹ̀ ti di ẹ̀ṣẹ̀, ìjọba sì lè gba ilé àti ilẹ̀ wọn.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi mí, kì í ṣe adájọ́ nìkan ló dín agbára wọn kù. Ọmọbìnrin ọ̀gá mi, tó wà ní yunifásítì, ló mú mi lọ sí Via Alfieri ní ọjọ́ kan nínú August. Ibẹ̀ ni wọ́n ti yìnbọn pa Libero Grassi ní 29 August 1991, láàárọ̀ kùtù, bó ṣe ń lọ síbi iṣẹ́. Iléeṣẹ́ rẹ̀ ń rán aṣọ àwọ̀sùn. Ní January ọdún yẹn ló kọ lẹ́tà sínú ìwé ìròyìn sí ẹni tó ń fi fóònù halẹ̀ mọ́ ọn, ó ní kó má wulẹ̀ náwó lórí bọ́ǹbù àti ọta ìbọn, òun ò ní san. Àwọn oníléeṣẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ariwo rẹ̀ ti pọ̀ jù. Lọ́dọọdún ni ẹbí rẹ̀ máa ń lẹ ìwé tí wọ́n fọwọ́ kọ mọ́ ògiri ibẹ̀, tí wọ́n á tún da ọ̀dà pupa sílẹ̀. Mafia wà nínú ohun tí wọ́n kọ, ṣùgbọ́n wọ́n tún kọ ọ́ pé àwọn oníléeṣẹ́ tó panu mọ́ náà pa á, àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú tí kò bìkítà, ìjọba tí kò sí nílé. Mo tún un kà. Nílé wa, a máa ń gbé olóògbé sọ́wọ́ Ọlọ́run, a ó ní Ọlọ́run á dájọ́. A kì í kọ orúkọ àwọn tó dúró wòran.

Ní 2004, àwọn ọ̀dọ́ bíi mélòó kan nílùú yìí fẹ́ ṣí ilé ọtí. Wọ́n ń ṣírò owó ni ẹnìkan bá ní: pizzo ńkọ́? Wọ́n fi ìṣirò sílẹ̀. Lóru ọjọ́ kan ní June, wọ́n lẹ sítíkà káàkiri ìgboro, pé gbogbo ènìyàn ìlú tó bá ń san pizzo, ènìyàn tí kò níyì ni wọ́n. Ẹgbẹ́ Addiopizzo ló tibẹ̀ jáde. Nítorí ọgbọ́n tí wọ́n wá dá ni mo ṣe ń kọ gbogbo èyí: oníbàárà ni wọ́n kọ́kọ́ lọ bá, kì í ṣe oníṣọ́ọ̀bù. Wọ́n gba ìfọwọ́sí àwọn aráàlú tó ní àwọn ṣe tán láti máa rajà lọ́dọ̀ ẹni tí kì í san. Nígbà tí orúkọ oníbàárà ti pọ̀ tó ni wọ́n tó lọ sọ́dọ̀ àwọn oníṣọ́ọ̀bù, wọ́n sì gbé nǹkan bíi 100 orúkọ jáde ní 2006. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn, bí ẹ bá fẹ́ kí n sọ ọ́ ní Yorùbá: ẹni tí kì í san ni mò ń sanwó fún.

Mo rántí dánfó. Bí dẹ́rẹ́bà mi bá kọ̀ jálẹ̀ pé òun ò san, tí agbèrò so mọ́ ọkọ̀, ta ló máa ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀? Èrò ni. "Ẹ fún wọn jàre, ẹ jẹ́ ká lọ." "Kọ̀ndọ́, nítorí kí ni? A ti pẹ́ o!" Owó yẹn, àwọn náà ló ń san án nínú owó ọkọ̀ wọn, wọ́n mọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀gá ń dúró níbi iṣẹ́. Mi ò bú wọn. Bí mo bá wọkọ̀ lọ́jọ́ tí mi ò ṣiṣẹ́, èmi náà máa ń pariwo ẹ fún wọn.

Ìjíròrò ọ̀gá mi àti ọmọ rẹ̀ lórí bóyá kí a san pizzo le. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi ń fa ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn àdìrò, tí èmi ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ èdè. Níkẹyìn wọ́n pe ẹgbẹ́ náà, wọ́n sì jọ lọ fẹjọ́ sùn. Èmi ni mo lẹ sítíkà mọ́ gíláàsì, torí fùláwà wà lọ́wọ́ ọ̀gá mi. Lọ́sẹ̀ yẹn ni ìyá àgbà kan bẹ̀rẹ̀ sí í wá, tó ń fi ọ̀pá rìn. Ilé búrẹ́dì méjì ló ń rìn kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Kò sọ nǹkan kan rí ju iye búrẹ́dì tó fẹ́ lọ.

Kì í ṣe pé ó ti tán. Ọ̀pọ̀ ṣì ń san, wọ́n ń rọra san. Matteo Messina Denaro, ọ̀gá mafia kan, sá fún ọgbọ̀n ọdún kí wọ́n tó mú un níbí ní January 2023, ìtòsí ìlú tí wọ́n bí i sí ló sì ń gbé. Ta ló ń fún un lóúnjẹ? Ṣùgbọ́n ní 2016, àwọn ará Bangladesh tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Via Maqueda, àlejò bíi tèmi, jọ lọ sọ orúkọ àwọn tó ń gbowó lọ́wọ́ wọn, ọlọ́pàá sì kó àwọn yẹn. Wọn ò dá lọ.

Ilẹ̀ tí ìjọba gbà lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá mafia ní agbègbè Corleone, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ló ń dáko lórí rẹ̀, lábẹ́ òfin 1996 tí Fadá Luigi Ciotti àti ẹgbẹ́ Libera tó ń gbógun ti mafia kó ìfọwọ́sí mílíọ̀nù kan jọ fún. Mo máa ń ra pasta wọn. Ó wọ́n díẹ̀.

Àbúrò mi obìnrin ra ilẹ̀ sí Ìkòròdú. Lóṣù tó kọjá ló pè mí: "Bọ̀dá mi, wọ́n ti dé o. Wọ́n ní kí n mú owó fáǹdéṣọ̀n wá. Wọ́n ti gba ṣọ́bìrì lọ́wọ́ àwọn bíríkìlà." Mo ní òfin wà, láti 2016 ni Ìpínlẹ̀ Èkó ti ní ọmọ onílẹ̀ kankan ò gbọdọ̀ gbowó lọ́wọ́ ẹni tó ń kọ́lé. Ó fara balẹ̀ gbọ́ mi tán. "Ẹ ṣeun, bọ̀dá mi. Tí mo bá lọ fẹjọ́ wọn sùn, ta ló máa bá mi ṣọ́ búlọ́ọ̀kù lóru ọjọ́ yẹn?"

Mo wo sítíkà tí mo fi ọwọ́ ara mi lẹ̀. Lẹ́yìn tiwa, lọ́yà wà, ẹgbẹ́ wà, ìyá àgbà tó ń fi ọ̀pá rìn wà. Lẹ́yìn tirẹ̀, èmi nìkan ni, Palermo ni mo sì wà. Mo bi í pé èló ni wọ́n ń bèèrè. Ọjọ́ Friday ni mo fi ránṣẹ́.