Àbàtà Bá Odò Tan

Àwọn àgbà a máa pa á lówe pé àbàtà ta kété bí ẹni tí kò bá odò tan. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ọ ní Ògbómọ̀ṣọ́, ṣùgbọ́n nínú àkúrọ̀ tí bàbá mi àgbà ń gbin tẹ̀tẹ̀ àti ewédú sí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, lẹ́bàá odò Ọbà, ni mo ti mọ bí ìbátan náà ṣe jinlẹ̀ tó. Bí òjò bá dé tí odò kún, tí omi sì bo koríko etí rẹ̀, àrọ̀ a fi ibú sílẹ̀, a wá yé ẹyin sínú omi tí kò jìn náà, koríko yóò sì máa fi àwọn ọmọ pamọ́ fún ẹja ńlá títí wọn yóò fi lè dá dúró.

Ẹyẹ kan wà níbẹ̀ tí mo lè jókòó wò láti òwúrọ̀ di ọ̀sán. Ara rẹ̀ pupa rúsúrúsú, iwájú orí rẹ̀ dà bí ẹni pé wọ́n ta aró sí i, ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ sì gùn débi pé ó ń rìn lórí ewé ọ̀ṣíbàtà láìrì. Akọ rẹ̀ ni í sàba; bí ewu bá yọjú, a kó àwọn ọmọ sábẹ́ apá, a gbé wọn sá lọ, ẹsẹ̀ wọn a sì máa rọ̀ dirodiro nísàlẹ̀ ìyẹ́. Níbi tí kò bá sí ewé orí omi, kò sí ibi tí ẹyẹ yìí yóò tẹ̀.

Ọjọ́ 2 oṣù Kejì ọdún 1971 ni àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí àdéhùn ààbò ilẹ̀ olómi ní ìlú Ramsar, ní Ìráànì. Ilẹ̀ 11 ni Nàìjíríà ti fi sábẹ́ àdéhùn náà, kò sì sí ọ̀kankan nínú wọn ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ìròyìn tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2018 sọ pé láàárín ọdún 1970 sí 2015, nǹkan bí ìdá 35 nínú 100 ilẹ̀ olómi àgbáyé ló ti pòórá. Ó dùn mí pé ilẹ̀ tí kò gba ilé ni a ń pè ní ilẹ̀ aláìwúlò.

Wọ́n ti gé àkúrọ̀ bàbá mi àgbà tà. Àwọn tí wọ́n rà á fi yangí dí i, omi tí ilẹ̀ náà ń fà mu tẹ́lẹ̀ sì ń ya wọ yàrá àwọn aládùúgbò. Nígbà òjò àkọ́rọ̀ tó kọjá, mo dúró síbẹ̀ lálẹ́ láti gbọ́ àwọn àkèré. Ẹyọ kan péré ló dún, inú gọ́tà ló sì wà.