Ibi tí Omi Yóò Gbà ní Ìbàdàn

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ ìdàgbàsókè Ìbàdàn, títì ọlọ́dà àti ilé ìtajà ńláńlá ni ó máa ń yá lẹ́nu wa, ṣùgbọ́n ní tèmi, ìbéèrè tí ó ṣáájú wọn ni ibi tí omi òjò yóò gbà kọjá. Ìlú olókè ni Ìbàdàn, odò Ògùnpa àti Kúdẹtì sì ń ṣàn láàárín àwọn òkè náà. Bí páànù àti sìmẹ́ǹtì ṣe ń bo ilẹ̀ tí ó máa ń fa omi mu, bẹ́ẹ̀ ni àgbàrá ń yára dé ìsàlẹ̀ sí i.

Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, Ògùnpa kún àkúnya, ó sì gbé ilé, ọkọ̀ àti ènìyàn lọ. Wọ́n padà fi kọnkéré tẹ́ ojú odò náà, iṣẹ́ tí ó falẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Síbẹ̀, òjò ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011 pa ju 100 ènìyàn lọ, afárá Àpẹ́tẹ̀ sì wó. Kí a tó tún odò kan ṣe tán, ìlú ti fẹ̀ dé etí àwọn odò mìíràn.

Ní ọdún 2014, Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí ìyáwó 200 mílíọ̀nù dọ́là fún ìdènà omíyalé ní Ìbàdàn. Iṣẹ́ gidi ni títún afárá kọ́, àmọ́ afárá kò lè dá àbàtà tí a ti kó yanrìn dí, tí a sì ti tà, padà. Ẹni tí ó ra ilẹ̀ etí odò kì í ṣe aláìgbọ́n o; owó rẹ̀ ni kò ká ilẹ̀ títì, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí ọmọ onílẹ̀ sì mú un lọ wò ó, odò náà kò ju gọ́tà lọ. Ìgbà tí ó bá kan òrùlé tán ni òṣìṣẹ́ ìjọba ń gbé ọ̀dà pupa dé láti sàmì sí ilé náà fún wíwó.

Ó yẹ kí wọ́n ti sàmì sí etí odò kí ẹnikẹ́ni tó ta á, kí wọ́n sì fi í sílẹ̀ fún àwọn tí ń gbin ẹ̀fọ́ àti ewédú. Bí omi bá bo ebè ẹ̀fọ́, ìrè oko kan ni ó ṣòfò; bí ó bá bo yàrá, ẹ̀mí ni. Láti ọdún 2021 tí rélùwéè Èkó sí Ìbàdàn ti ń ná Mọ́níyà, ní ìhà àríwá Ìbàdàn, ni ilẹ̀ ibẹ̀ ti ń wọ́n sí i, ibẹ̀ sì ni kí ìjọba ti kọ́kọ́ gbé ọ̀dà náà jáde, nígbà tí koríko ṣì wà níbi tí wọn yóò kùn.