Ọlọ́pàá Fìyà Jẹ Ọ́ ní Amẹ́ríkà, O Ti Di Olówó?

Àwọn ará ilé mi ti ń ná owó tí n kò tíì fojú rí. Mo sọ fún wọn pé ọlọ́pàá dá mi dúró lójú títì, ó kó ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí mi lọ́wọ́, wọ́n tì mí mọ́lé mọ́jú, kí wọ́n tó ní èmi kọ́ ni wọ́n ń wá. Kò sẹ́ni tó bi mí bóyá ọwọ́ mi ti san. Ohùn tí ẹ̀gbọ́n mi fi ránṣẹ́ láti Ìbàdàn ni pé: "Má gbà fún wọn o! Mú lọ́yà. Mílíọ̀nù dọ́là nìyẹn. Ṣebí wọ́n san án fún ẹbí George Floyd tí ọlọ́pàá pa?"

Òótọ́ ni pé ìlú Minneapolis gbà láti san mílíọ̀nù 27 dọ́là fún ẹbí Floyd ní 2021. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, òkú ni wọ́n sanwó yẹn lé lórí, gbogbo ayé ló sì wo fídíò rẹ̀.

Nílé, gbogbo wa la mọ bó ṣe ń lọ. Wọ́n á mú ọmọ, ìyá ẹ̀ á sáré dé téṣàn. Wọ́n lẹ ìwé mọ́ ògiri pé ọ̀fẹ́ ni béèlì, abẹ́ ìwé yẹn náà ni wọ́n ti ń kawó. Ẹnì kan á mọ ẹnì kan tó mọ DPO. Ti SARS tí wọ́n tú ká ní oṣù kẹwàá 2020, ẹ jẹ́ n fi sílẹ̀.

Níbí, n kò mọ ẹnikẹ́ni. Òfin ni mo ní. Wọ́n ṣe é ní 1871 nítorí àwọn Ku Klux Klan, ẹgbẹ́ aláwọ̀ funfun tó ń kọlu àwọn aláwọ̀ dúdú; òun ni àwọn lọ́yà ń pè ní Section 1983: bí òṣìṣẹ́ ìjọba bá tẹ ẹ̀tọ́ rẹ mọ́lẹ̀, o lè pè é lẹ́jọ́. Ó dùn ún gbọ́. Ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ ti fún ọlọ́pàá láàbò: bí kò bá sí ẹjọ́ àtijọ́ tó jọ tìẹ dáadáa, wọ́n lè dá tìẹ nù. Bó bá sì jẹ́ òfin ìpínlẹ̀ New York tí mo wà yìí lo fẹ́ fi mú ìlú fúnra rẹ̀, ọjọ́ 90 péré lo ní láti fi ìwé tó ń sọ fún ìlú pé o fẹ́ pè é lẹ́jọ́ ránṣẹ́, pẹ̀lú ìbúra; notice of claim ni wọ́n ń pè é. Bí ọjọ́ yẹn bá kọjá, ọ̀pọ̀ ìgbà ló ti parí.

Lọ́yà ọ̀fẹ́ tí ìjọba ń sanwó fún wà fún ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn ọ̀daràn kàn tí kò lówó. Ẹni tí wọ́n fìyà jẹ tó fẹ́ pẹjọ́ ni kò sí fún. Nínú irú ẹjọ́ yìí, lọ́yà aládàáni kì í sábà gba owó ṣáájú, ìdá kan nínú mẹ́ta ohun tí ẹ bá rí ni wọ́n sábà máa ń mú, nítorí náà ẹjọ́ tó máa mówó wá ni wọ́n ń ṣà. Èyí tí mo kọ́kọ́ lọ bá di ọrùn ọwọ́ mi mú, ó yí i síwá sẹ́yìn lábẹ́ iná.

"Ó ti wálẹ̀. Ṣé o lọ sílé ìwòsàn?"

Mo ní rárá. Ta ló fẹ́ san bíìlì ilé ìwòsàn Amẹ́ríkà nítorí ọwọ́ tó wú? Ó pa fáìlì dé.

Èyí tó tún dùn mí jù ni ìwé N-400 tí a fi ń tọrọ ìwé ọmọ onílùú. Wọ́n béèrè níbẹ̀ bóyá wọ́n ti mú ọ rí, kódà bí wọn ò bá fẹ̀sùn kàn ọ́. Mo gbọ́dọ̀ kọ bẹ́ẹ̀ ni.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rò pé òfin Nàìjíríà ò dára, ìlànà ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti 2009 ò ní gbèdéke ọjọ́ kankan. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, o ṣì lè pẹjọ́. Nígbà tí mo sọ ọ́, ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín: "Ta ló máa san án?" Kò parọ́. Bí o bá jàre, o sábà máa ń nílò àṣẹ mínísítà ìdájọ́ kó o tó lè gba owó ìjọba tó wà ní báńkì.

Wọ́n wá ń bi mí pé kí ni mò ń jókòó tì níbí. Nílé, ǹ bá ti jáde lóru ọjọ́ yẹn, ǹ bá sì tún máa kí ọlọ́pàá kan náà ní gbogbo òwúrọ̀ ní oríta wa, kí n máa fún un ní nǹkan. Níbí, orúkọ rẹ̀ àti nọ́ńbà rẹ̀ wà nínú ìwé. Lọ́yà kejì gba ẹjọ́ mi, a fi notice of claim náà ránṣẹ́ kọ́jọ́ tó pé, ìlú sì ti dá èsì padà: wọ́n fẹ́ bi mí ní ìbéèrè lábẹ́ ìbúra lóṣù tó ń bọ̀. Ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ ní n lè lọ, ṣùgbọ́n òun ò ní sanwó ọjọ́ náà.