Èyí tó ní òun ò sí nínú wa

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní DID (dissociative identity disorder, ìyẹn kí ẹni kan ní ju ẹ̀dá kan lọ nínú ara kan, tó sábà máa ń wá látinú ìyà tójú rí ní kékeré) bíi tiwa, ọ̀rọ̀ áltà, ìyẹn ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀dá tó wà nínú ara kan náà, tó ń sẹ́ pé DID ò sí yìí o. Ọ̀kan wà nínú wa tó máa ń ní irọ́ la ń pa, pé a kàn fẹ́ kí wọ́n máa kẹ́ wa ni, ó ti pa gbogbo nǹkan tá a kọ sínú fóònù rẹ́ rí, ó tún wá fi mẹ́sẹ́èjì ránṣẹ́ sí therapist pé òun ò wá mọ́. Mi ò kí ń bá a jà. Tó bá gbà pé DID wà, á jẹ́ pé ohun tójú wa rí ní kékeré ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ nìyẹn, ohun tó ń sá fún gan-an nìyẹn, torí náà tẹ́ ẹ bá ń na ìwé àyẹ̀wò sí i lójú, ẹ kàn ń dẹ́rù bà á ni. Àwọn dókítà tó mọṣẹ́ náà, kára kọ́kọ́ balẹ̀ ni wọ́n ń wá ná kí wọ́n tó dé ìdí ọ̀rọ̀ ìrántí.

Nóòtù ni mo máa ń kọ sílẹ̀ fún un: "Kò pọn dandan kó o gbà. Ọbẹ̀ ẹja wà nínú fíríìjì." Ó fèsì lọ́jọ́ kan: "Ta ló sè é?" Mo ní ọ̀kan nínú wa ni. Ó lóun ò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, àmọ́ ó jẹ ẹja o, ó jẹ ẹ́ tán pátá.